Ojúkòkòrò Ló Ń Pa Rélùwéè Orí Pákó, Kì Í Ṣe Àìlówó

Èrò tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa rélùwéè orí pákó, èyíinì eré tí àgbàlagbà fi ń to ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó, tí ó ń kọ́ téṣàn tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi iná mànàmáná tí kò lè pa ènìyàn lára wa ẹ́ńjìnnì tí ó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́, ni pé eré olówó ni, àti pé ẹni tí kò bá ní yàrá tí ó ṣófo nínú ilé àti owó tí kò níṣẹ́ nínú àpò kò gbọdọ̀ dábàá rẹ̀ rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà sí ni pé àwọn tí rélùwéè wọn kú sórí pákó kí ó tó rìn, ojúkòkòrò ló pa á fún wọn, kì í ṣe àìlówó. Àti pé ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n gan-an ni ó sún mọ́ àṣeyọrí jù, nítorí pé àpò rẹ̀ yóò fi dandan bi í ní ìbéèrè kan tí olówó lè máa sún síwájú títí ilẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi ṣú: iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ yìí fẹ́ máa ṣe?

Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà, nígbà tí ilé iṣẹ́ Märklin ti ìlú Göppingen gbé ojú irin tí a fún ní ìwọ̀n tí kò yẹ̀, èyí tí ènìyàn lè máa rà kún ara wọn lọ́dọọdún, lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig ní 1891. Nígbà tí ó di 1920, Frank Hornby, ará Liverpool, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ di olókìkí nípa ohun ìṣeré onírin tí ń jẹ́ Meccano, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin tí a ń yí kọ́kọ́rọ́ fún kí ó tó rìn; ṣùgbọ́n àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ 32 mìlímítà, ọkọ̀ náà sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní pálọ̀ gbàràmù kò lè to irin rẹ̀ dé ibi tí yóò ti yí padà. Ní 1938 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Hornby Dublo jáde, tí àlàfo irin tirẹ̀ jẹ́ 16.5 mìlímítà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ìdajì ti ìṣáájú, tí ènìyàn sì lè tò sórí tábìlì oúnjẹ, kí ó sì kó o kúrò kí oúnjẹ alẹ́ tó dé. Ìwọ̀n 16.5 yìí ni ó gbilẹ̀ jù lọ ní ayé títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ààfin ọlọ́lá ni a bí i sí. Ilé kóńkó àti àpò fífúyẹ́ ni ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí àwọn ará ìlú ọba ṣì ń fi ìwé gba ẹran àti ṣúgà ní ìwọ̀nba, tí ilé sì há fún tọkọtaya tí ń bẹ̀rẹ̀ ayé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ C. J. Freezer di olóòtú ìwé ìròyìn Railway Modeller ní 1950, ó sì jókòó tì í fún ọdún púpọ̀ tí ó ń ya àwòrán ètò rélùwéè fún àwọn tí kò ní àyè. Èyí tí a kò lè gbàgbé nínú wọn ni Minories, tí ó gbé jáde ní 1957: téṣàn àárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ èrò ń wọlé tí ó ń jáde níbẹ̀ láìsinmi, tí a sì ká gbogbo rẹ̀ mọ́ orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje. Ó kó ètò bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní 60 Plans for Small Railways, ìwé tí àlòkù rẹ̀ kò wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti orí iye irin tí ènìyàn lè rà. Láti orí ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní ọjọ́ iṣẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ yìí wọlé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ há sí iwájú, ẹ́ńjìnnì mìíràn ní láti wá mú un láti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ti ń fẹ̀hónú hàn lẹ́yìn ilé pé òun náà fẹ́ wọlé. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, irin díẹ̀ tó.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń ta pákó alápapọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn ra odindi kan, kí ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ tábìlì, kí ó sì to irin yí i ká ní òbìrí gbọọrọ kan. Ó dà bí ẹni pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí a kò fi ayùn kan pákó náà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró jẹ́ 32 lórí ilẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kò sì lè dé òdìkejì pákó tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá yẹ̀ kúrò lójú irin, nítorí náà ó ní láti fi àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ yí i ká láti máa rìn. Ó ti di mẹ́jọ sí méjìlá, èyíinì 96, ìlọ́po mẹ́ta àyè tí ó rò pé òun lò. Yàrá ti tán nìyẹn. Ìtẹ̀kọ́rọ̀ irin tí ó bá pákó náà mu jẹ́ íǹṣì 18 láti àárín òbìrí sí irin, èyí tí ó jẹ́ pé, ní ìwọ̀n 1:87 tí wọ́n ń lò níbẹ̀, kò ju nǹkan bí 130 ẹsẹ̀ bàtà lọ bí ó bá jẹ́ rélùwéè gidi. Kò sí ọkọ̀ èrò ọ̀nà jíjìn tí ó lè gba irú igun bẹ́ẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó gùn rẹwà nínú páálí rẹ̀ ni yóò máa fi ìrù nalẹ̀ lórí pákó.

Èyí tí ó tún burú ju àyè lọ ni pé òbìrí kò ní iṣẹ́. Ọkọ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan, ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹwàá, olówó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Nígbà náà ni yóò rò pé irin ni kò tó, yóò ra sí i. Yóò rò pé ẹ́ńjìnnì ni kò tó, yóò ra òmíràn tí iye rẹ̀ kọjá ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, nítorí bí ọjà ṣe rí lónìí ní ìlú ọba nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tí ń kùsà sí erin, àwọn àgbà ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já sí. Nínú gbogbo pákó tí eruku ti bò nínú àká àti lábẹ́ ibùsùn káàkiri ilẹ̀ òkèèrè lọ́hùn-ún, mo gbà gbọ́ pé òbìrí ló pọ̀ jù nínú wọn.

Bí a bá ní kí n fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ètò kan ṣoṣo, kì í ṣe ti Freezer ni n óò fún un, bí mo tilẹ̀ ń kan sáárá sí i; ti Alan Wright ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ rélùwéè kékeré kan tí ó pè ní Inglenook Sidings. Ìyànà irin, èyíinì ibi tí ojú irin kan ti ń pín sí méjì, kò ju méjì péré lọ nínú rẹ̀. Wọ́n pín ojú irin sí ẹ̀ka mẹ́ta: èyí tí ó gùn jù gba wágọ̀nù márùn-ún, àwọn méjì yòókù gba mẹ́ta-mẹ́ta, irin tí ó wà lẹ́yìn ìyànà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa ẹrù sẹ́yìn, sì gba ẹ́ńjìnnì àti wágọ̀nù mẹ́ta, kò gba ẹ̀kẹrin. Wágọ̀nù mẹ́jọ ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ènìyàn yóò kọ orúkọ wọn sí ìwé mẹ́jọ, yóò dà wọ́n sínú fìlà, yóò mú márùn-ún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìwò, bí wọ́n bá sì ti jáde tẹ̀lé ara wọn ni ó gbọ́dọ̀ to àwọn wágọ̀nù náà tẹ̀lé ara wọn lórí irin gígùn, kí ọkọ̀ tó lè gbéra. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ yóò rò pé eré ọmọ ọwọ́ ni. Wágọ̀nù tí a fẹ́ ní ìkíní wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá irin kejì. Láti fà á jáde, a ní láti kó méjì tí ó dí i lọ́nà. Ibi tí a fẹ́ kó wọn sí ti kún. Bí a bá sì fa mẹ́rin sẹ́yìn pọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní àyè tí yóò fi kọjá ìyànà.

Iye ọ̀nà tí a lè gbà to márùn-ún nínú mẹ́jọ jẹ́ 6,720, nítorí mẹ́jọ ni ó ṣeé yàn fún ipò kìíní, méje fún ìkejì, mẹ́fà fún ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń to ọkọ̀ kan lóòjọ́, láìtún èyí tí ó ti ṣe ṣe, yóò lo ju ọdún 18 lọ kí ó tó tán. Ẹni tí ó bá mọ ọpọ́n ayò kò ní kọ háà sí èyí, nítorí ojúlé méjìlá àti ọmọ ayò 48 ni gbogbo ohun èlò rẹ̀, ó sì ti ń mú àgbà jókòó sábẹ́ igi láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Gbogbo rélùwéè yìí, ní ìwọ̀n 16.5 mìlímítà, kò gbà ju pákó tí ó gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó gba orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ilé òkè ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àyè ti wọ́n ju góòlù lọ.

Níbi tí owó ti kéré, ọgbọ́n ni pé kí a mọ ibi tí a kò gbọdọ̀ ti ṣahun. Irin àti ẹ́ńjìnnì ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ ra irin àlòkù tí ó ti dípẹtà nítorí pé ó pọ̀ nínú àpò ọ̀rá kan ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n irin ni ó ń gbé iná lọ sí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ra tuntun, irú tí a fi àdàlù bàbà àti nickel ṣe, tí kì í dípẹtà. Nítorí pé mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo ohun tí ó nílò, kò ní ra á títí di gbèsè. Kí ìyànà méjèèjì jẹ́ tuntun pẹ̀lú. Bí ó bá fi ayùn gé irin, kí ó mú fáìlì, kí ó fi rẹ́ ẹnu rẹ̀ lórí, nísàlẹ̀, àti ní ẹ̀gbẹ́ inú tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà, títí tí èékánná yóò fi gba orí ìsopọ̀ kọjá láìkọ́ ọ. Nítorí ohun tí kò bá kọ́ èékánná kì í sábà yẹ ẹsẹ̀ wágọ̀nù kúrò lójú irin. Kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé irin pélébé tí ń so irin pọ̀ láti gbé iná kọjá, nítorí pé bí kùn àti gọ́ọ̀mù bá ti dà sí i, iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kí ó fi òjé yíyọ́ lẹ waya tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, kí ó lu ihò sí pákó, kí ó sì so gbogbo waya pọ̀ nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ìnira tí ó sì ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan ṣoṣo ni, èyí tí ó kúrú, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n fi ń to wágọ̀nù ní àgbàlá téṣàn, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó lè rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń gbé ẹyin. Kí ó ní kí ẹni tí ń tà á wà á lójú òun kí ó tó sanwó. Ìyára kò ní ìwúlò kankan lórí pákó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Àwọn kan yóò wá máa gbà á níyànjú pé kí ó ra ẹ̀rọ ìdarí ìgbàlódé tí ń bá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò burú fún ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹyọ kan, ta ni ó fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀? Ẹ̀rọ ìdarí àtijọ́ tí ń fún irin ní 12 fóltì ti tó. Láti já wágọ̀nù kúrò lára ara wọn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn mọ́lá fi ń gún sùyá, tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, tó iṣẹ́ náà í ṣe. Àwọn ògbólógbòó eré yìí ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò nìyẹn.

Nígbà tí a bá dé orí ilé, igi, òkúta àti ènìyàn, ibẹ̀ ni kí aláìlówó ti di ahun paraku, nítorí pé owó tí a ń ná sí ilé oníke tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ kò mú rélùwéè dára, ńṣe ni ó ń mú kí ti ẹnì kan jọ ti ẹlòmíràn. John Ahern, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rélùwéè Madder Valley rẹ̀ kí ogun Hitler tó dé, páálí àti igi ni ó fi kọ́ ìlú rẹ̀. Rélùwéè náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ní Long Wittenham, ní agbègbè Oxford, àwọn ènìyàn sì ń sanwó láti wọlé lọ wò ó. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí kan náà, abúlé odindi ni Roye England àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ti fi páálí kọ́, ilé kan lè gbà wọ́n ní oṣù púpọ̀, síbẹ̀ owó tí páálí ọ̀hún jẹ́ kò tó owó àkàrà. Páálí tí a fi di oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn ọmọ, abẹ tí ó mú, gọ́ọ̀mù, àti rúlà onírin: ẹni tí ó bá ní ìwọ̀nyí, tí ó sì ní sùúrù, ti di bíríkìlà. Iyẹ̀pẹ̀ tí a fi asẹ́ kùnnà, tí a wọ́n sórí gọ́ọ̀mù, ni ilẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà, tí a rẹ sínú aró tútù, tí a sì sá gbẹ, ni koríko.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ ìwọ̀n. Ní ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, mìlímítà mẹ́rin ni wọ́n fi ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ilẹ̀kùn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 28 lọ. Ilẹ̀kùn tí ó bá tóbi jù a máa ba gbogbo téṣàn jẹ́, ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan nínú eré náà yóò sì rí i pé nǹkan kan kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni ó gbé mi dé ibi tí mo ti fẹ́ dé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ṣe eré yìí gbọ́dọ̀ kọ́ téṣàn abúlé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìrì dídì lórí òrùlé. Rélùwéè tí ó ti Ìddó ní Èkó Àkéte gba Abẹ́òkúta, ilé àwọn ọmọ Lísàbí, wọ Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, tí wọ́n ṣí fún ìrìnnà ní 1901, tí ó tún gba Òṣogbo àti Ọ̀ffà, ilẹ̀ àwọn ọmọ Ọlálọmí, kọjá lọ sókè títí tí ó fi dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912, ojú irin rẹ̀ kò fẹ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni, èyíinì 1,067 mìlímítà; ti ìlú ọba, àti ti rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ 1,435. Ẹ fi 64 pín 1,067, ẹ ó rí mìlímítà 16 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 16.5 tí ó kún inú ọjà. Àwọn ará New Zealand, tí rélùwéè tiwọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, ti mọ ọgbọ́n yìí láti ìgbà pípẹ́: irin àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí a ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń rà, àlòkù tàbí tuntun, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ara ọkọ̀ lé e lórí ní ìwọ̀n 1:64. Ẹni tí àyè tirẹ̀ kéré gan-an, kí ó fi 120 pín 1,067 náà. Yóò bọ́ sórí irin mìlímítà mẹ́sàn-án, tí òun náà pọ̀ lọ́jà.

Kí ni ó kù? Wágọ̀nù mẹ́jọ ti Alan Wright di wágọ̀nù tiwa. Wágọ̀nù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 yóò jẹ́ mìlímítà 95 ní ìwọ̀n 1:64. Páálí ni a ó fi gé ara rẹ̀, a ó sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àwọn igi ìdábùú tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irin gígùn di ibi tí wọ́n ti ń kó kòkó sí wágọ̀nù, nítorí rélùwéè ni ó gbé kòkó ilẹ̀ Ìbàdàn lọ sí etíkun nígbà tí kòkó jẹ́ ọba. Ẹ̀ka kan di ti epo bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì, ẹ̀ka kejì di ti òwò oníwóróbo. Ẹni tí ó bá wà ní Èkó tí ó sì fẹ́ rí bí nǹkan ìgbà náà ṣe rí, kí ó lọ sí Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Ebute Metta, níbi tí a kó àwọn ohun ìrántí rélùwéè pamọ́ sí. Téṣàn tí ó bá fẹ́ fi páálí kọ́, kí ó lọ dúró níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó fi ìgbésẹ̀ wọn ọ̀nà ìwọlé rẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìtara díẹ̀, nítorí pé àwọn téṣàn àtijọ́ wọ̀nyí kò ní wà títí ayé, kò sì sí ẹni tí ń wo ilé fínnífínní tó ẹni tí ó fẹ́ fi páálí gé e.

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé kò sí iná ní ìlú wa, kí ó rántí pé 12 fóltì tí eré yìí ń lò, òun náà ni bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń fún ni. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan kì í sábà fa tó ámpù kan, nítorí náà bátìrì tí ó kún lè wa ọkọ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Kìkì pé a kò gbọdọ̀ gbàgbé láti fi fíúsì ámpù kan sí ẹnu waya kí ó tó kúrò lára bátìrì, nítorí pé bí irin méjèèjì bá kan ara wọn, agbára tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ lè yọ́ waya, kí ó sì dá iná sílé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹni tí yóò bi mí pé, nínú ìlú tí owó ońjẹ ń bá ènìyàn fà á, ta ni ó ráyè fún eré pákó. N kò ní bá a jiyàn lórí owó ońjẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi agolo sadíìnì àti ìsàlẹ̀ bàtà sílípáàsì ṣe mọ́tò ní àdúgbò wa kò dúró de ìgbà tí ìlú yóò rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ó ti ibẹ̀ di mẹkáníìkì tí a ń sá tọ̀ lónìí. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àgbàlagbà tí ó bá ń ra irin mítà kan lóṣù yìí, tí ó tún ń ra ìyànà kan lóṣù tí ń bọ̀, tí ó sì ń fi àárín méjèèjì gé páálí, kò ná ju ohun tí ẹlòmíràn ń ná nílé ọtí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí àwọn tí ń kánjú kì í sábà rò, òun ni ti ọjọ́ tí owó díẹ̀ bá tún wọlé. Kí ẹni tí ń kọ́ rélùwéè rẹ̀ má ṣe fi pákó dí ẹ̀yìn irin tí ẹ́ńjìnnì ń fa ẹrù sí. Kí ó jẹ́ kí irin náà dé etí pákó gan-an, kí ó kan ìṣó idẹ méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ó fi òjé mú irin mọ́ wọn kí ó má baà yẹ̀, kí ó sì wọn ibi tí ó dé láti ẹ̀gbẹ́ pákó, kí ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pákó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù káfíńtà. Nígbà tí pákó kejì bá dé, yálà téṣàn Làfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni ó fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀ tàbí afárá, bóòtù méjì ni yóò fi dè é mọ́ ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ kòkó yóò sì ti ibẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó tú irin kan.